Bí A Ṣe Ń Fi Iye Sínú Orin Kí Orin Má Baà Dàrú

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ orin fún ìyá kan tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní Súrùlérè, orúkọ ìyá náà kọ́ ló máa dààmú yín, oríkì rẹ̀ náà kọ́. Iye ọdún tó pé ni. Orúkọ ṣe é gé kúrú, oríkì ṣe é mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pé márùndínlọ́gọ́rin ò ṣe é sọ di ọgọ́rin torí pé ìlù ò gbà á. Wàhálà kan náà ló ń dé bá olùkọ́ tó fẹ́ fi orin kọ́ àwọn ọmọdé ní òǹkà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, òun náà ló sì ń dé bá ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà àti máìkì nínú yàrá kan ní Bàrígà, tó fẹ́ fi nọ́ńbà sọ orin rẹ̀ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín ò pọ̀. Iye ti ní ohùn tirẹ̀ kó tó dénú orin. Ẹ gbọ́ ohùn yẹn ná, kẹ́ ẹ wá dá orin tó bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì: wọ́n á ti dá orin tán, wọ́n á wá máa ti iye bọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ń ti èrò karùn-ún bọ ìjókòó ẹni mẹ́rin. Ó lè wọlé o, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí iye náà wá ṣe

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ni iye yìí ń wá nínú orin. Ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, tàbí ipò tí nǹkan wà. Ó sì lè jẹ́ orúkọ lásán, bíi nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà ilé. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé Yorùbá kì í pe iye bákan náà fún gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ohùn wọn ò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta yẹ̀ wò. Tí ẹ bá ń ka nǹkan lọ, ẹ̀ta tàbí ẹẹ́ta ni. Tí ẹ bá ti so ó mọ́ nǹkan, ó di mẹ́ta: afárá mẹ́ta ló ti Mainland wọ Erékùṣù Èkó, Carter Bridge, Eko Bridge àti Third Mainland Bridge. Tó bá di ọ̀rọ̀ ipò, ó di kẹta: èyí tí wọ́n ṣí ní 1990 ni afárá kẹta. Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé kò ku ọ̀kan, ó di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Tí ẹ bá ń sọ iye ìgbà, ẹ ti ń wí pé lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn.

Ẹ wá sọ mẹ́ta àti kẹta léraléra. Mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Kẹta dúró sójú kan, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Nítorí náà orin tó gba ọ̀kan kò ní gba èkejì. Ní ibi ìsọmọlórúkọ lẹ ti máa ń gbọ́ àṣìṣe yìí jù: ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n tí orin bá ti ń wá ohùn òkè níbẹ̀, akọrin á sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́jọ. Ó wá dà bí ẹni pé ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ń jẹ, tí wọ́n fi ń mu, tí bàbá ọmọ sì ń wá ẹni tó máa yá a lówó.

Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ lórin

Ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ fi imú kùn ún. Ohun tó bá kù lẹ́yìn tí ẹ ti mú ọ̀rọ̀ kúrò, òun gan-an ni ohùn iye náà. Tí onígángan bá wà nítòsí, ẹ ní kó fi ìlù sọ ọ́. Kì í purọ́ níbẹ̀ yẹn. Tí kò bá sí, ẹ fi dò, re, mí kọ ọ́ sórí ìwé.

Ení jẹ́ re-mí. Èjì jẹ́ dò-dò. Ẹ̀ta àti ẹ̀rin jẹ́ dò-re, àrún jẹ́ dò-mí. Ẹ̀fà tún padà sí dò-dò. Èje àti ẹ̀jọ, dò-re. Ẹ̀sán, dò-mí, ẹ̀wá náà dò-mí. Ẹ rọra tún un kà. Ohùn tí èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún ní, òun gẹ́lẹ́ ni ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán ní. Ìlà méjì tó jọra bí ìbejì ti wà nínú òǹkà wa látilẹ̀ wá. Ení ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, ẹ̀wá ló ń tì í. Ẹni tó bá fẹ́ dá orin òǹkà fún ọmọdé ò ní láti wá orin káàkiri rárá. Kó sáà ka nǹkan sókè, kó jẹ́ kí àtẹ́wọ́ bá èjì àti ẹ̀fà wọlé, àwọn ọmọ á bá a gbè é kó tó dé ẹ̀ẹ̀kejì.

Ibi tí ewu wà ni àwọn iye tó ní ojúgbà tí àmì ohùn nìkan yà wọ́n. Ẹni tó pé ọgbọ̀n ọdún tí ẹ kọrin fún un pé ọgbọ́n, ó ṣì lè gbà á bí àdúrà. Ogún ló burú: tí ohùn yín bá rọ̀ ní ìparí rẹ̀, ogun lẹ pè wá sílé ọlọ́jọ́ ìbí. Igba náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó di igbá, ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó di ìgbà. Ọmọ tó bá sì ń ka ẹ̀sán, ẹ̀wá, tó wá kọ ọ́ bí ẹ̀san, ẹ̀wà, ọmọ náà ti kúrò ní kíláàsì, ó ti wà ní búkà, ó sì ti ń bá ẹnì kan ṣe ìjà.

Ẹlòmíì á sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin lónìí ò bìkítà fún àmì ohùn, wọ́n sì ń ta. Òótọ́ ni. Tí ọ̀rọ̀ tó yí i ká bá ti fọ̀nà hàn, etí á bá wọn tún un ṣe. Iye ni kì í rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé ìyá pé ọgọ́ta, ẹ sọ pé ìyá pé ọgọ́rin, gbolóhùn kan náà ni, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ tó máa sọ fún etí èyí tó jẹ́. Ohùn àwọn méjèèjì tún dọ́gba, re-mí-re. Nínú ariwo ìlù, ta àti rin nìkan ló yà wọ́n, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìparí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sábẹ́ ìlù àkúbà. Ẹ dá ìlù dúró fún un tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n fi èdè Yorùbá sí orí ohùn òyìnbó ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀; ọ̀rọ̀ á máa lọ sókè, orin á máa wá sílẹ̀. Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, wà lára àwọn tó kọ orin ìsìn tó ń tẹ̀ lé ohùn ẹnu wa, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Thomas Ekúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962, náà gbájú mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ wúlò fún afrobeats bó ṣe wúlò fún orin ìsìn.

Ẹ ka sílébù

Òǹkà wa gùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Tí a bá ti kọjá ogún, láti ọ̀kan dé mẹ́rin la máa ń lé e, láti márùn-ún lọ la ti ń dín in kúrò lára èyí tó wà níwájú. Ìdí nìyẹn tí 87 fi di mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Akọrin tí kò bá lè sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan láì kọsẹ̀, ẹ má gbé e lé e lọ́wọ́ lórí pèpéle.

Àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí ni iye tí gbogbo Èkó mọ̀. Nínú Shuffering and Shmiling, tó jáde ní 1978, Fela ka èrò inú mólùè: 49 jókòó, 99 dúró. Pidgin ló fi kọ ọ́. Forty-nine, sílébù mẹ́ta. Ninety-nine, sílébù mẹ́ta. Ẹ gbé e sí Yorùbá: mọ́kàndínláàádọ́ta jẹ́ mẹ́jọ, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún jẹ́ méje. Mẹ́fà ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlù náà ò sì sinmi. Ẹni tó bá kàn túmọ̀ ìlà yẹn tààrà, kí mólùè tó kún, orin á ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò dáadáa. Ní English, ìparí ni àwọn iye méjèèjì ti jọra. Ní Yorùbá, iwájú ni: mọ́kàndín, mọ́kàndín. Ohun tí mo máa ń ṣe sí irú iye bẹ́ẹ̀ ni pé mo máa ń pín in láàárín lílé àti ègbè. Kí ẹni tó ń lé e pe mọ́kàndín, kó dúró. Kí ègbè já a gbà: láàádọ́ta! Kó tún pe mọ́kàndín, kí ègbè ní lọ́gọ́rùn-ún! Gígùn tó jẹ́ ẹrù tẹ́lẹ̀ ti di eré, àwọn èrò á sì máa dúró de ibi tí iye náà máa já sí.

Tí ẹ ò bá ní ègbè, ẹ lè lo ó dín tàbí ó lé: àádọ́ta ó dín kan, ọgọ́rùn-ún ó dín kan. Ó ń jẹ́ kí èémí wọlé láàárín. Ọ̀nà kẹta ni kẹ́ ẹ fi iye náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nígboro. Ní Ọjà Balógun àti ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀pọ̀ ló ń fi Yorùbá ná ọjà tí wọ́n sì ń fi English dá owó. Nọ́ńbà fóònù kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń fi òǹkà Yorùbá pè é. Orin tó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, fóònù tàbí owó ọjà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì tijú. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni kí èèyàn gbé òǹkà ìjìnlẹ̀ wọ orin nítorí kí wọ́n lè yìn ín pé ó gbọ́ Yorùbá, nígbà tí ẹni tó wà nínú orin náà ò lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé.

Kí n tó gbàgbé, ẹ máa tẹ́tí sí kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ó ku ẹnì kan! Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ dáńfó mọ̀ pé ìjókòó mẹ́ta ṣì lè ṣófo nígbà tó ń pariwo yẹn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe tò, ẹ gbọ́ bó ṣe ń sinmi lórí kan. Orin tó kúrú, tó ní iye, tí ẹnikẹ́ni ò ní láti kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ ti ìyá ọlọ́jọ́ ìbí

Ó pé márùndínlọ́gọ́rin. Má-rùn-dín-lọ́-gọ́-rin, sílébù mẹ́fà: mí dò mí mí mí re. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó já, ó tún gòkè, ó dúró lókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá rọ̀ jókòó. Ìyẹn ti tó orin. Ohun tó kù ni ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, èmi kì í sì í gbé iye sí àárín ìlà. Ìparí ìlà ni kó wà, tàbí kí ègbè ni í. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣí àyè yẹn sílẹ̀ fún un nínú èdè wa ni mélòó. Ẹ bi wọ́n ní mélòó, iye nìkan ni ìdáhùn tó lè tẹ̀ lé e, gbogbo agbo á sì fẹ́ dáhùn:

Lílé: Ìyá wa, ọdún mélòó lẹ pé?
Ègbè: Márùndínlọ́gọ́rin!
Lílé: Etí mi ò gbọ́, ọdún mélòó lẹ pé?
Ègbè: Ọgọ́rin ó dín márùn-ún!
Lílé: Ṣé ó ti rẹ̀ yín, àbí ká máa lọ?
Ègbè: Ẹ gbé wa dé ọgọ́rùn-ún!

Ẹ rí i pé mo sọ iye kan náà ní ọ̀nà méjì. Ẹni tí ariwo ò jẹ́ kó gbọ́ àkọ́kọ́ á gbọ́ èkejì, ẹni tó sì gbọ́ méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Kí àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa lọ nígbà tí lílé bá ń béèrè. Tó bá ti kan ègbè, kí àkúbà fi àyè sílẹ̀, kí gángan nìkan bá wọn sọ márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ jẹ́ kí má bọ́ sórí ìlù gan-an, kí lọ́ àti gọ́ yára tẹ̀ lé ara wọn, kí rin gùn. Tí ẹ bá fa dín gùn ju bó ṣe yẹ lọ, etí àwọn àgbà á rò pé ẹ̀ ń dín nǹkan nínú epo.

Orin òǹkà fún ọmọdé

Àwọn bàbá wa kì í ka iye lásán fún ọmọdé. Nínú òǹkà àtijọ́ tí a fi ń ṣeré òṣùpá, ẹ̀rin ní wọ̀rọ̀kọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé gbangba lẹ̀wá. Gbogbo iye ló ní ẹni tó ń bá a rìn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ìró iye náà tún jáde nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kó lè ran ọmọ lọ́wọ́ láti rántí. Ẹ kọ sílébù ìkẹyìn iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ní, jì, ta, rin, rún, fà, je, jọ, sán, wá, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ní ìró yẹn, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó bá ṣe é ṣe, kẹ́ ẹ sì so wọ́n pọ̀ di ìtàn kan. Ìtàn ṣe pàtàkì. Tí ìlà kan ò bá mú òmíràn wá, ọmọ á máa fo iye.

Èyí ni mo ṣe fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì ní Muṣin nígbà òjò:

Ení, mo ní bọ́ọ̀lù kan.
Èjì, ìjì gbé e lọ.
Ẹ̀ta, ó bọ́ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ata.
Ẹ̀rin, aṣọ mi tutù rinrin.
Àrún, Sikírù ń rún gúgúrú.
Ẹ̀fà, ẹ bá mi fà á nínú gọ́tà.
Èje, ẹ rọra, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.
Ẹ̀jọ, a jọ gbá a délé.
Ẹ̀sán, ọ̀sán ti pọ́n.
Ẹ̀wá, ẹ wá jẹun.

Èje ló fún mi ní wàhálà. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo mọ̀ tó bá je mu dáadáa, ni mo bá gba jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì rẹ̀ yàtọ̀, ohùn rẹ̀ ga jù, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn ibẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ rìn. Ẹ má fi àṣepé pa orin ọmọdé. Tí ìlà mẹ́sàn-án bá dọ́gba tí ọ̀kan wọ́, ẹ fún èyí tó wọ́ ní ijó.

Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n dé ẹ̀wá, ẹ má tíì bọ́ sí mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á padà, láti ẹ̀wá dé ení, kí bọ́ọ̀lù padà sílé ẹni tó ni ín. Ọmọ tó bá lè ka iye padà ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó kàn ń kà á lọ síwájú lè jẹ́ pé orin nìkan ló mọ̀. Ẹ sì má da ení, èjì pọ̀ mọ́ méjì, mẹ́ta nínú orin kan náà títí tí wọ́n á fi mọ àkọ́kọ́.

Nọ́ńbà nínú àkọlé

Àkọlé yàtọ̀ sí inú orin, torí pé ojú ló kọ́kọ́ ń rí i. Sunny Ade ní 365 Is My Number nínú àwo rẹ̀ tó jáde ní 1982. Nọ́ńbà yẹn bọ́ sí iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún, kò sì sẹ́ni tó máa gbàgbé rẹ̀. Tiwa Savage mú èrò inú mólùè Fela, ó sọ orin rẹ̀ ní 49-99 ní 2019. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, ẹni tó bá mọ Fela á mọ ibi tó ń lọ. Burna Boy sọ tirẹ̀ ní 20 10 20, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn lu àwọn ọ̀dọ́ ní Lekki. Ọjọ́ ló jẹ́, kì í ṣe òǹkà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ ọ́ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ pinnu ni bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n pè é. Tí ẹ bá kọ 40 sí iwájú àwo, ọmọ Èkó á kà á ní fọ́tì, ẹ bá a jà tì. Tó bá jẹ́ ogójì lẹ fẹ́ kó jáde lẹ́nu DJ, ẹ kọ ọ́ ní ogójì. Ẹ sì rántí pé orin tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà nìkan ṣòro láti wá lórí fóònù; 7 lásán á kó ẹgbàágbèje orin mìíràn jáde. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí nọ́ńbà náà jẹ́ èyí tí kò wọ́pọ̀. Kí iye tó wà nínú àkọlé sì jáde nínú ègbè, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gbọ́ orin yín nínú dáńfó ò rí àkọlé, ohun tó gbọ́ ló máa lọ wá.

Iye tí a kì í yí

Àwọn iye kan ti ní ilé. Ojú odù Ifá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ ò lè sọ wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí ìlù. Ọ̀kànlénírinwó irúnmọlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n ní ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ méjìdínláàádọ́ta. Àwọn Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ìtumọ̀ ọjọ́ kẹjọ àti ogójì ọjọ́ lẹ́yìn òkú. Tí iye bá jẹ́ irú èyí, orin ni kó yí, kì í ṣe iye. Igba àti ẹgbẹ̀rún nìkan lẹ lè lò bó ṣe wù yín tí ẹ bá kàn fẹ́ sọ pé nǹkan pọ̀.

Owó ńkọ́? Iye tó ṣe pàtó ń dunni ju ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí Fela fẹ́ sọ̀rọ̀ owó epo tó sọnù, nínú Army Arrangement tó jáde ní 1985, kò sọ pé owó ńlá. Ó ní bílíọ̀nù 2.8. Àmì kékeré tó wà láàárín 2 àti 8 yẹn ló ń ta ni lára, torí pé ẹni tó bá lè sọ ọ́ dé ibẹ̀ ti ka owó náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti àríyá, ẹ má fi iye náírà tí wọ́n ná lé yín lórí kọrin o. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka níná owó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin sì ti fi ẹnu ara yín jẹ́rìí sí i, pẹ̀lú ìlù.

Ẹ dán an wò

Ẹ gbà á sórí fóònù, kẹ́ ẹ lọ gbé e sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo, ìyẹn ò jìnnà sẹ́nikẹ́ni. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ ohun tí ẹ kọ, ẹ ní kó kọ iye tó bá gbọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ má bi í bóyá orin náà dùn. Á sọ pé ó dùn. Tó bá kọ 60 nígbà tí ẹ kọ ọgọ́rin, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa tún ṣe. Tó bá dákẹ́, tó ń rò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́rin lọ́wọ́. Ẹ fi ìsinmi díẹ̀ sẹ́yìn iye náà kó lè bá yín. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó kọ ọ́ padà fún yín. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ti yí ohùn padà sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, òun ló gba, ẹ̀yin lẹ ṣì í.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn elégbè pẹ̀lú àmì ohùn, ní ọ̀rọ̀, kì í ṣe ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá kọ 75 fún wọn, ẹnì kan á ní seventy-five láàárín agbo.

Ẹ má sì ju orin ìyá yẹn nù lẹ́yìn àríyá. Lọ́dún tó ń bọ̀ ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, méjìdínlọ́gọ́rin, mọ́kàndínlọ́gọ́rin: sílébù mẹ́fà ni gbogbo wọn, mí dò mí mí mí re ni gbogbo wọn. Ohùn ìlà kejì ègbè nìkan lẹ máa tún ṣe, torí pé márùn-ún á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́ta. Orin kan lẹ kọ, ọdún márùn-ún lẹ máa fi gba iṣẹ́ nílé yẹn. Tó bá wá pé ọgọ́rin, ó ti di sílébù mẹ́ta, re-mí-re. Ẹ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ dúnàádúrà tuntun, torí orin tuntun ni.